Irin Àsomọ́ àti Ìdè Rẹ̀: Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Mẹ́rin Lẹ́yìn Àwọn Irin Katakata Ọgbà Àtijọ́

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń kó irin àsomọ́ katakata ọgbà àtijọ́ jọ, tí mo sì ń tún wọn ṣe nínú gáréèjì ilé wa ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio. Kì í ṣe katakata oko ńlá ni mò ń sọ. Kékeré ni èyí, ìjókòó rẹ̀ kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láàrin ọdún 1950 sí 1985 fún àwọn onílé tí ilẹ̀ wọn tó éékà kan tàbí méjì. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìgékoríko lásán ni pé a lè so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn lónìí, kí a so ẹ̀rọ ìrolẹ̀ mọ́ ọn lọ́la, kí a sì so irin tí ń wọ́ yìnyín mọ́ iwájú rẹ̀ nígbà òtútù.

Ẹni tí ó bá ń wá katakata fúnra rẹ̀ yóò rí i rà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àsomọ́ rẹ̀ ni ó ṣòro, èyí tí ó sì ṣòro jù lára àsomọ́ ni ohun tí mo máa ń pè ní ìdè, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ, ọ̀pá, píìnì àti róólà bẹ́líìtì tí ń so àsomọ́ pọ̀ mọ́ katakata. Nígbà tí olóhun àkọ́kọ́ bá ta katakata rẹ̀, ìdè a máa bá katakata lọ, tàbí kí ó ṣubú sí kọ̀rọ̀ àká, àsomọ́ a sì ṣẹ́kù ní òun nìkan. Nítorí ìdè ni mo ṣe rin ìrìn-àjò yìí, àbúrò ìyàwó mi sì bá mi lọ kí a lè máa gba ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ara wa.

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024. Columbus sí Dunbar

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a gbéra, tìrélà kékeré wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kúlà mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. A gba ọ̀nà 23 dé Chillicothe, a sì bọ́ sí ọ̀nà 35 tí ó dojú kọ gúúsù. Ọ̀dá ti mú gbogbo agbègbè yẹn ní ọdún náà. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ bí èérún, àgbàdo inú oko sì ti pọ́n ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọ̀nà náà dára púpọ̀, ẹni tí ó bá ń fa ẹrù kò ní bẹ̀rù kòtò, ṣùgbọ́n ẹ ra epo ní Chillicothe kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé ilé epo ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 19 ni a ra gálọ́ọ̀nù kan.

Lẹ́yìn Gallipolis ni a ti gba afárá Silver Memorial kọjá odò Ohio bọ́ sí West Virginia. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí àbúrò mi rọra wakọ̀, mo sì sọ ìtàn afárá tí ó ṣáájú rẹ̀ fún un. Silver Bridge ni orúkọ èyí àkọ́kọ́, ní Point Pleasant ni ó wà, òun ni ó sì wó lulẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1967 nígbà tí ọkọ̀ kún orí rẹ̀, tí ènìyàn 46 sì kú. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn irin olójú tí ó gbé afárá náà rọ̀ ni ó sán, sísán náà kò sì jìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá íńṣì lọ kí irin náà tó já. Mi ò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má rántí rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ju kí n máa wo irin tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún láti mọ̀ bóyá ó sán tàbí kò sán.

Dunbar wà lẹ́bàá odò Kanawha, ìtòsí Charleston, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣe Gravely fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Benjamin Franklin Gravely, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fọ́tò yíyà, ni ó fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù ṣe ẹ̀rọ ìrolẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ kan, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1916. Láti inú èyí ni Gravely L ti jáde, katakata ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹni tí ń lò ó máa ń tẹ̀lé lẹ́yìn. Mo ní ọ̀kan nílé. Àsomọ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni mo wá rà, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ń yí. Ọ̀bẹ mẹ́rin ni ó wà lára ọ̀pá kan tí ó dúró ṣánṣán. Bí ọ̀pá náà bá ti ń yí, ilẹ̀ a máa tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ènìyàn bá sì lọ tí ó tún bọ̀ ní ìdojúkojú, ebè gígùn tí ó dúró dáadáa ni yóò rí láàrin. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ ẹ ju èyíkéyìí lọ: orí ebè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbin ata àti ilá sí.

Orí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni ilé ẹni tí ó tà á wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì tóóró débi pé a ní láti já tìrélà sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí a fi píkọ́ọ̀pù nìkan gùn ún. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Dọ́là 225 ni ó pè é. Kí n tó nawọ́ sí owó, mo ní kí ó jẹ́ kí n yẹ ilé jíà rẹ̀ wò. Mo fi òòlù kékeré kan án níbi mẹ́rin, mo sì tẹ́tí. Bàbá bàbá mi tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìsẹ́yìn ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé: irin tí ara rẹ̀ pé a máa dún bí agogo, irin tí ó sán a máa dún bí igi. Níbi kẹta, ohùn rẹ̀ kò mọ́. Ni mo bá fi kẹrosíìnì nu ibẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo sì lọ ẹfun ìkọ̀wé sí i lórí. Bí irin bá sán, kẹrosíìnì tí ó ti wọ inú rẹ̀ yóò sun jáde, yóò sì fa ìlà ọ̀rinrin sí ojú ẹfun. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà kankan kò yọ. Ẹrẹ̀ àti gírísì gbígbẹ ni ó di ohùn náà mọ́lẹ̀. Bàbá náà ti ń wo gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó wá sọ pé òun kò tíì rí ẹni tí ó bá nǹkan òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì gba dọ́là 200. Òun àti àbúrò mi ni wọ́n jọ gbé e sínú píkọ́ọ̀pù, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́, a jẹ búrẹ́dì tí wọ́n di sọ́sééjì oníata sínú rẹ̀, oúnjẹ tí àwọn awakùsà èédú máa ń gbé lọ sínú ihò ilẹ̀ láyé àtijọ́. Dọ́là mẹ́rin ni ọ̀kan. Ó gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ikùn dúró.

Ọjọ́ Kejì: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Dunbar sí Louisville

Ọ̀nà 64 ni a gbà láti òwúrọ̀, a kọjá Huntington, a wọ Kentucky, a sì kọjá Ashland. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni títí dé ìtòsí Lexington, kí ẹni tí ó bá ń fa ẹrù má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, nítorí pé tìrélà a máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn.

Láàrin Frankfort àti Louisville ni ilé màmá kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Irin ìtúlẹ̀ Brinly oní-íńṣì mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ tà. Kentucky yìí gan-an ni ilé rẹ̀, nítorí pé ní ìpínlẹ̀ yìí ni ìdílé Brinly ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irin ìtúlẹ̀ ní ọdún 1839. Louisville ni ilé iṣẹ́ wọn wà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọdá odò lọ sí Jeffersonville ní Indiana. Nígbà tí katakata ọgbà dé, àwọn ni wọ́n ṣe irin ìtúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é, nítorí náà irin Brinly kan náà lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Wheel Horse, lẹ́yìn Cub Cadet àti lẹ́yìn John Deere, bí ìdè tí ó yẹ bá ti wà.

Inú àká ni ó wà, ó fara ti ògiri, ìyẹ̀pẹ̀ sì bo ẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpẹtà ti mú gbogbo abẹ ńlá tí ń yí ilẹ̀ padà, ó rí gbàgungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná há a, ìpẹtà orí lásán ni, irin abẹ́ rẹ̀ ṣì nípọn. Ẹnu rẹ̀ tí ń gé ilẹ̀ ti jẹ tó ìdajì íńṣì ní ṣóńṣó, èyí kì í ṣe àbùkù, ó fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ ni. Bóòtì mẹ́ta ni ó so ẹnu náà mọ́ ara, irú èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bá ojú irin dọ́gba, tí ọrùn rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin kí ó má bàa yí nínú ihò. Ẹ má ṣe fi bóòtì lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Irin róbótó tí ń gé koríko níwájú kò sí níbẹ̀ mọ́. Dọ́là 140 ni wọ́n pè é, mo sì san án láìná an, nítorí pé owó tí ó tọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ìdè. Màmá kò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo yà á sórí ìwé: irin bíi lẹ́tà U, ihò nísàlẹ̀ àti lókè, píìnì gígùn tí ń ré kọjá láàrin. Ó wò ó pẹ́, ó sì wọlé lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó jáde pẹ̀lú agolo kọfí ńlá kan tí ó wúwo. Ọkọ rẹ̀ kì í da píìnì nù, gbogbo èyí tí ó bá já kúrò lára nǹkan ni ó máa ń jù sínú agolo yẹn. A da á sórí tábìlì, a sì ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Píìnì irin ìtúlẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin kékeré tí kì í jẹ́ kí ó yọ. Irin U náà fúnra rẹ̀ ni àbúrò mi rí lára ògiri àká, ọkọ ti fi kọ́ okùn. Màmá kò gba owó lórí rẹ̀. Ó ní kí n mú un lọ kí ó lè tún túlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú àká, ó bú sẹ́kún díẹ̀, a sì jókòó tì í. Àbúrò mi gbé mọ́ínmọ́ín jáde láti inú kúlà, màmá jẹ odidi kan, ó sì ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún òun.

A wọ Louisville ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìlú yìí ni International Harvester ti ṣe Cub Cadet láti ọdún 1961, ṣùgbọ́n Cub Cadet kò sí lára ohun tí mò ń kó jọ. A jẹun, a sì sùn.

Ọjọ́ Kẹta: Ẹtì, ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án. Louisville sí South Bend

Òní ni ọjọ́ tí ó le jù. A gba ọ̀nà 65 dé Indianapolis, a sì bọ́ sí ọ̀nà 31 lọ sí àríwá. Lẹ́yìn Kokomo, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n fi pákó lu ilẹ̀, tìrélà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Táyà ọ̀tún ti bẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì dára, ilà ara rẹ̀ ṣì jìn, ìyẹn ni ó tàn mí jẹ. Nígbà tí a yọ ọ́, mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2313, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Táyà tìrélà kì í tètè jẹ lójú, oòrùn ni ó máa ń pa á láti inú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ẹrù irin lé tìrélà, ẹ ka nọ́ńbà yẹn. Bí ó bá ti kọjá ọdún mẹ́fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Jáàkì tí mo gbé kúrò nílé kò wọ abẹ́ tìrélà pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù kalẹ̀ sínú koríko nígbà tí àgbẹ̀ kan dúró, tí aṣọ rẹ̀ kún fún eruku ẹ̀wà sóyà. Kò béèrè ohunkóhun, ó gbé jáàkì pẹlẹbẹ kan jáde láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ láti ri ibi tí yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni ó wo irin ìtúlẹ̀ lórí tìrélà, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ pé bàbá òun ní irú rẹ̀. A tẹ̀lé e dé ibi tí wọ́n ti ń ta táyà ní Peru, ìlú kan ní Indiana níbẹ̀, dọ́là 85 fún ọ̀kan, mo sì ra méjì. Wákàtí mẹ́ta ni ó gbà lọ́wọ́ wa.

Aago mẹ́rin kọjá kí a tó dé South Bend. Ìlú yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà, nítorí pé ibí ni wọ́n ti ṣe katakata Wheel Horse tí mo ní. Ní ọdún 1946 ni Elmer Pond bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe katakata kékeré nílé, Cecil ọmọ rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá. Wheel Horse ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ẹṣin tí ó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, òun ni ẹrù máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. American Motors rà á ní ọdún 1974, Toro sì rà á ní ọdún 1986. South Bend náà ni Studebaker ti ṣe mọ́tò títí di òpin ọdún 1963, Studebaker yìí sì ni ó ra Gravely ní ọdún 1960. Nítorí náà àsomọ́ Gravely tí mo rà ní Dunbar àti àsomọ́ Wheel Horse tí mo wá rà níbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹbí.

Ẹ̀rọ ìrolẹ̀ Wheel Horse oní-íńṣì 36 ni a wá rà, èyí tí ń bẹ lẹ́yìn katakata, tí bẹ́líìtì gígùn kan sì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti iwájú. Bẹ́líìtì yẹn kò lè lọ tààrà. Irin kan wà lábẹ́ àárín katakata tí ó ní róólà méjì, òun ni ó ń darí rẹ̀. Ẹni tí ó tà á ti kọ ọ́ pé ó pé pérépéré. Mo ti pè é lórí fóònù, mo sì béèrè bóyá ìdè wà, ó ní ó wà. Nígbà tí a dé, ìdè ẹ̀yìn wà lóòótọ́, èyí tí ń gbé ẹ̀rọ náà sókè, ṣùgbọ́n irin abẹ́ àárín kò sí. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ó wà. Mi ò rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ, àṣìṣe tèmi ni, nítorí pé mo ní “ìdè” nìkan, mi ò dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo irin náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, èmi yóò sì kà wọ́n ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Láti dọ́là 450, a sọ ọ́ di 300. Àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì mú, ọ́ìlì inú ilé jíà rẹ̀ kò ní omi nínú, ṣéènì rẹ̀ kò sì rọ̀.

Ó dùn mí gidigidi bí a ti ń so ó mọ́ tìrélà. Mo pe ọkùnrin kan ní ìlú náà tí a ti jọ ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí irin fún ọdún mẹ́ta láìtíì fojú rí ara wa. Ó ní kí a máa bọ̀ nílé òun. Ó ṣílẹ̀kùn gáréèjì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ katakata tirẹ̀ tí ó ti parí, tí ọ̀dà pupa rẹ̀ ń dán, ó sì tú irin àárín rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe fún títà. Ó gbé páálí kan sílẹ̀, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù àti irin ìwọnra, ó ní kí n yà á. A yà á ní ojú mẹ́ta, a wọn ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò mi sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aya rẹ̀ gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lù pẹlẹbẹ tí wọ́n sì dín sáàrin búrẹ́dì fún wa, oúnjẹ Indiana ni wọ́n pè é. Aago mọ́kànlá òru ni a kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Kẹrin: Àbámẹ́ta, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án. South Bend sí Columbus

Ọkùnrin àná ni ó sọ fún wa pé kí a má gbé páálí yẹn dé Columbus. Àwọn Amish, ìyẹn àwọn Kristẹni tí kì í wa mọ́tò tí wọn kì í sì í lo iná ìjọba, tí ń gbé ní agbègbè Nappanee àti Goshen ní alájórin tí ó mọ iṣẹ́, ó ní bí a bá dé ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, wọn yóò ṣe é. Ọ̀nà kéékèèké ni a gbà. Ẹ rọra wakọ̀ níbẹ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn máa ń wà lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kò sì ní rí i títí ẹ ó fi dé orí òkè. Ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ má ṣe ya fọ́tò wọn, ẹ má sì lọ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé wọn kì í ṣòwò ní ọjọ́ náà.

Ilé iṣẹ́ náà kò ní iná ìjọba. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan ń kù lẹ́yìn ilé, òun ni ó ń fún ẹ̀rọ ìjórin ní agbára. Alágbẹ̀dẹ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gba páálí lọ́wọ́ mi, ó gbé e síwájú ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: èwo nínú àwọn ihò wọ̀nyí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀? Mo fi ihò róólà méjèèjì hàn án. Ó ní àwọn yòókù, òun yóò lu wọn ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ kí n lè rí àyè sún un. Mo ti ń jó irin nínú gáréèjì láti ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ sí mi lọ́kàn rí. Ó fi ẹfun fa ìlà sórí irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì, ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jó igun rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ooru má bàa fa irin náà wọ́. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó fi parí rẹ̀. Dọ́là 60 ni ó gbà.

A ra páì olómi wàrà àti ṣúgà lẹ́bàá ọ̀nà, dọ́là 12. A gba Fort Wayne, a tẹ̀lé ọ̀nà 33 wọ Ohio, a sì dé ilé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ẹgbẹ̀rún máìlì ni a rìn, a sì ná dọ́là 640 lórí àwọn irin mẹ́ta náà, láìka iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, epo, oúnjẹ, táyà àti ibùsùn.

Nílé: ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ ìpẹtà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo tú irin ìtúlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, mo sì gbé abẹ ńlá rẹ̀ sínú ike tí ó gba gálọ́ọ̀nù 30. Ṣíbí ńlá kan sódà ìfọṣọ ni mo fi sí gálọ́ọ̀nù omi kọ̀ọ̀kan. Mo so okùn dúdú ṣájà bátìrì fóòltì 12 mọ́ irin ìtúlẹ̀, mo so okùn pupa mọ́ irin kọnkéré tí mo tò yí i ká, wọn kò sì gbọdọ̀ kan ara wọn. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìfófòó kéékèèké yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára irin náà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé háídrójìn ni ìfófòó yẹn, ó sì lè gbiná. Ẹ má ṣe lo irin tí kì í dógùn-ún ní ìhà okùn pupa láéláé, májèlé ni ohun tí ó máa ń tú sínú omi. Ẹ pa ṣájà kí ẹ tó tọwọ́ bọ omi. Lẹ́yìn wákàtí 30, ìpẹtà ti di ẹrẹ̀ dúdú tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá dànù, lẹ́tà ilé iṣẹ́ náà sì jáde lẹ́yìn irin.

Ara òkè irin náà nìkan ni mo kùn ní ọ̀dà. Kí ẹni tí ó bá ń há ọ̀dà àtijọ́ dànù bo imú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé olóró, wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1978. Ojú abẹ tí ń yí ilẹ̀ padà kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà, kò sì yẹ kí a fi yanrìn fẹ́ ẹ, torí ilẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irin tí ojú rẹ̀ rí gbàgungbàgun. Òkúta ìpọ́nrin ni mo fi dán an, mo sì fi gírísì pa á.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, mo wọ abẹ́ Wheel Horse pẹ̀lú irin tí alágbẹ̀dẹ Nappanee ṣe. Ihò mẹ́ta bá tirẹ̀ mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkẹrin kù díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tí ó fi sílẹ̀ nínú àwọn yòókù tó láti sún un, bóòtì sì wọlé láìlo òòlù. Mo so bẹ́líìtì, mo yí i pẹ̀lú ọwọ́, ó ń lọ sórí róólà láìfì sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Òjò tí ìjì Helene tì wá dé Ohio ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn gbogbo ọ̀dá náà, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé sì rọ̀. Ní Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, mo fi irin U àti píìnì inú agolo kọfí so Brinly mọ́ katakata. Ní ìgbésẹ̀ bí ogún àkọ́kọ́, ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ fi pákó há a kúrò. Nígbà tí ó di poro kẹta, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè, ilẹ̀ ń yọ̀ lára rẹ̀, ó ń yípo, ó sì ń dojú dé. Mo ya fọ́tò poro náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí màmá ní Kentucky.